Ọkọ̀ Amẹ́ríkà Tí Mo Wọ̀n ní Òfìfo

Íǹṣì méje ni àlàfo tó wà láàárín ikùn ọkọ̀ náà àti ilẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì ní Ọ̀wọ̀, mo ti rúlà onígi bọ abẹ́ rẹ̀ níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, mo sì kọ ohun tí mo rí sínú ìwé kékeré tí mo máa ń mú dání. Sàlẹ́ńsà ló sún mọ́ ilẹ̀ jù, íǹṣì méje gééré. Gegele tí àwọn ọkọ̀ agbégẹdú fi sílẹ̀ láàárín ọ̀nà Ìmorù, níbi tó ga jù, jẹ́ íǹṣì mẹ́fà láti ìsàlẹ̀ ipa táyà. Mo ti lọ wọn ìyẹn náà ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú. Íǹṣì kan ló ṣẹ́ kù. Mo gbà pé ó tó.

Àwọn ọmọ mi máa ń sọ ìtàn ọkọ̀ yìí bí ẹni pé fáàrí ló mú mi rà á. Kì í ṣe fáàrí.

Ní ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá, Ìmorù ni mò ń gbé. Gréédà kòkó ni mí. Ìjọba ló gbé mi lọ síbẹ̀ láti máa yẹ kòkó wò kí wọ́n tó gbé e jáde nílùú. Iṣẹ́ náà kò le, ṣùgbọ́n kò fẹ́ àṣìṣe. A ó ti irin oníhò bọ inú àpò, a ó fa kóró jáde, a ó ka ọgọ́rùn-ún, a ó fi ọ̀bẹ là wọ́n sí méjì, a ó sì ka iye tó bu àti iye tí kòkòrò ti jẹ. Ohun tí ọgọ́rùn-ún kóró bá sọ, òun ni a ó kọ fún gbogbo àpò. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń ṣe é nígbà náà, kò sì sí nǹkan tí n kì í fi ojú bẹ́ẹ̀ wò.

Àkọ́bí mi obìnrin, ẹni ọdún méje, ní ikọ́ fée. Tó bá dé, àyà rẹ̀ á máa dún bíi fèrè, èjìká rẹ̀ á máa lọ sókè sódò, kò sì ní lè sọ ju ọ̀rọ̀ kan lọ kó tó tún mí. Eruku ló máa ń gbé e dìde. Ní Ìmorù, tí ọyẹ́ bá ti dé, eruku pupa là ń mí. Ọsibítù wà ní Ọ̀wọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọ̀wé pé kí wọ́n gbé mi padà sí Ọ̀wọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ní kí n ní sùúrù.

Ní ọdún tó ṣáájú ìgbà tí mo ra ọkọ̀, ikọ́ náà gbé e ní agogo méje àárọ̀. A gbé e dé etí ọ̀nà. Mo ní alùpùpù, ṣùgbọ́n atẹ́gùn àti eruku orí alùpùpù ni ohun tó burú jù fún un, nítorí náà a dúró de ọkọ̀. Ọkọ̀ kankan kò kọjá títí di agogo mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa níkẹyìn. Orí àpò kòkó la jókòó sí, èmi fúnra mi ni mo sì fọwọ́ sí ìwé àwọn àpò náà ní àná rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti fò, eruku á rú jáde lára wọn. Mo fi aṣọ tútù bo imú ọmọ náà. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi ní ọsibítù wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò tètè rí i ni?" Ọmọ náà yè é. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: wákàtí mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú ní etí ọ̀nà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀. Ti àwọn Faransé ni gbogbo akọ̀wé ń rà nígbà náà, wọ́n sì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ra irú rẹ̀ nítorí ó ga nílẹ̀. Mo wọ ti ẹlẹgbẹ́ mi kan láti Ìmorù dé títì ọlọ́dà. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, irùngbọ̀n mi ti pupa. Mo mọ̀ pé kì í ṣe irú ọkọ̀ tí mò ń wá nìyẹn.

Ọkùnrin kan, ọmọ Ọ̀wọ̀ bíi tèmi, tó kàwé dé láti Amẹ́ríkà, ló ní ọkọ̀ tí mo rà. Inú ọkọ̀ ojú omi ló ti gbé e wálé. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ ṣiṣẹ́ ní òkè Ọya, kò sì fẹ́ wà á débẹ̀. Ọkọ̀ náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlógún. Ìjókòó iwájú rẹ̀ rí bíi bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi tìmùtìmù sí. Rọ́bà tó nípọn yí gbogbo fèrèsé rẹ̀ ká, ó sì ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù. Nítorí rọ́bà àti ẹ̀rọ yẹn ni mo ṣe lọ wò ó.

Mo mú mẹkáníìkì kan dání, àgbà Mùsùlùmí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín ìlú. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wò ó pẹ́, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń gbọ́ ẹjọ́. Lẹ́yìn náà ó yí sí mi.

"Ọ̀gá Kòkó, ta ló ń bá yín jà?"

Mo ní, "Kò sí ẹni tó ń bá mi jà, Bàbá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹ́ ra ilé tó ní táyà? Ọkọ̀ yìí kì í mu epo o. Ó ń fi epo wẹ̀ ni."

Ẹni tó ni ọkọ̀ ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ba ọjà mi jẹ́."

"Ọjà rẹ kò bàjẹ́, ọmọ mi. Ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yá ju tèmi lọ. Ẹni tí yóò máa bọ́ ọ ni mò ń káàánú."

Mo sọ fún mẹkáníìkì náà pé ohun kan ṣẹ́ kù tí mo fẹ́ kó bá mi ṣe. Mo wọ inú ọkọ̀, mo ti gbogbo fèrèsé, mo tẹ́ áńkáṣíìfù funfun síwájú sítíárìn, mo sì ní kó mú ìgbálẹ̀ kó gbá ilẹ̀ gbígbẹ tó yí ọkọ̀ náà ká fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó má wọ́n omi sí i.

"Kí n gbálẹ̀ sí mọ́tò lára?"

"Ẹ gbá a dáadáa, Bàbá. Kí eruku ó pọ̀."

"Tí àwọn èèyàn mi bá kọjá, wọ́n á ní orí mi ti yí," ó ní. Ṣùgbọ́n ó gbá a. Eruku bo ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi rí i mọ́, mo kàn ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, mo gbé áńkáṣíìfù náà sí ìmọ́lẹ̀. Ó funfun.

Láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi àti ẹni tó ni ọkọ̀ ń bá ara wa sọ Yorùbá ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ ọjà ni. Ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú rúlà ni sùúrù rẹ̀ tán, tó yí èdè padà sí ti Ọ̀ghọ̀, èdè Ọ̀wọ̀ wa, tó sì bá mi wí bí àbúrò ṣe ń bá ẹ̀gbọ́n tó ń yọ ọ́ lẹ́nu wí. Mo parí ìwọ̀n mi kí n tó dìde. Mo rà á ní ọjọ́ náà.

Èmi nìkan ni mo wà á dé Ìmorù. Kò fara kan ilẹ̀ níbì kankan.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà, òun ló ń tọ́jú ọmọ náà tí èmi àti ìyàwó mi bá ti lọ síbi iṣẹ́. Mo ti fi aṣọ mímọ́ bo ìjókòó ẹ̀yìn, mo sì ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ eléruku wọ ibẹ̀. Ìyá mi gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ó pè mí.

"Ọjọ́ wo la máa fìdí kàn án?"

Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọdé kì í kọ́kọ́ jókòó sínú ọkọ̀ tuntun. Àgbà ni yóò kọ́kọ́ fìdí kàn án, a ó gbé àwọn àgbà náà jáde nílùú, a ó gbé wọn padà, nígbà náà ni ọkọ̀ tó di ti ilé. Mo mọ àṣà náà. Mo ti ń rò pé ó lè gbàgbé.

Mo ní, "Ìyá mi, mi ò ra ọkọ̀ yìí fún ọ̀ṣọ́. Ọkọ̀ àìsàn ni."

"Ẹnu rẹ kò mà dáa o. Ta ní ń pe ọkọ̀ ní ọkọ̀ àìsàn? Nítorí ohun tó o sọ yẹn gan-an la ṣe máa fìdí kàn án."

Ní ọjọ́ Sátidé, onílé mi, àgbà àgbẹ̀ kan, jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìyálé rẹ̀ jókòó tì í. Ìyá mi àti àwọn obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Iṣu méjìlá àti kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan wà nínú búùtù fún àwọn ará ilé wa ní Ọ̀wọ̀. Ìyàwó mi àti ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń juwọ́ sí wa.

A kò tíì lọ tó máìlì mẹ́ta. Níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ lọ sí odò, mo gbọ́ ariwo kan lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni ń fi ọkọ́ ha ìkòkò. Ọkọ̀ dúró. Mo tẹ iná sí i. Táyà ẹ̀yìn ń yí lófo.

Onílé mi ní, "Gréédà, kí ló ń dún lábẹ́ wa?"

"Ilẹ̀ ni, Bàbá."

"Ilẹ̀? Ṣé ilẹ̀ náà fẹ́ bá wa dé Ọ̀wọ̀ ni?"

Ìyálé rẹ̀ ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Àwa fìdí kàn án lókè, ilẹ̀ náà fìdí kàn án nísàlẹ̀. Àgbà ni ilẹ̀ náà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n ti ń bọ́ sílẹ̀ ni ọkọ̀ náà ń gòkè díẹ̀díẹ̀, nígbà tí ẹni ìkẹyìn sì kúrò, mo wà á kọjá gegele náà láìsí wàhálà. Mo dúró síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, mo sì ní kí wọ́n padà wọ inú ọkọ̀. Wọ́n rò pé a fẹ́ máa lọ. Mo yọ rúlà, mo dọ̀bálẹ̀. Íǹṣì mẹ́rin.

Mo ní kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, mo wọ̀n ọ́n. Mo ní kí ẹlòmíràn bọ́ sílẹ̀, mo tún wọ̀n ọ́n. Mo gbé iṣu jáde, mo wọ̀n ọ́n.

Onílé mi yọ orí láti fèrèsé. "Gréédà, ṣé àpò kòkó ni wá ni?"

Òótọ́ ló sọ, láìmọ̀. Kòkó tí mo bá yẹ̀ wò lónìí, òun náà ni yóò jẹ́ lọ́la. Kì í lọ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n gbé nǹkan lé e. Mo ti yẹ ọkọ̀ wò bí mo ṣe ń yẹ kòkó wò, ní òfìfo, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, èmi nìkan. Ohun tí mo rí kọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà ọjọ́ náà ni pé tí èèyàn mẹ́rin bá wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú èmi awakọ̀, yóò há. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta láìsí ẹrù, yóò kọjá, ṣùgbọ́n kò ní ju bí ìka lọ.

A padà sílé. Kò sí ẹni tó bínú. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, onílé mi kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ pẹ̀lú ọkọ́, wọ́n ro gegele náà lulẹ̀ níbi mẹ́ta tó ga jù. Mo dúpẹ́, mo sì wọn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n àwọn agbégẹdú kò dá iṣẹ́ dúró, ojoojúmọ́ ni ipa táyà wọn ń jìn sí i. Mo ṣe òfin kan: èèyàn mẹ́ta, láìsí ẹrù. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ahun. Ọkọ̀ tó gùn tó yàrá méjì, kò lè gbé ìyá arúgbó kan dé ọjà! Mi ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni.

Nínú oṣù kìíní, ọyẹ́ mú gidi. Ọ̀sán kan, mo wà ní sítọ́ọ̀, mo ti la kóró mẹ́tàlélógójì nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ìyàwó mi sáré wọlé.

"Bàbá wọn, ó ti dé o."

Mo fi ọ̀bẹ sílẹ̀ sórí kòkó. Nígbà tí mo dé ilé, ìyá mi ti wà nínú ọkọ̀, ó gbé ọmọ náà sáyà, ó da aṣọ lé èjìká, fúláásìkì omi gbígbóná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Fèrè ń dún nínú àyà ọmọ náà. Ìyàwó mi ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé. Mo kà wọ́n. Mẹ́rin ni wá.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀. A ò ní kọjá."

"Èmi tí mo fìdí kàn án?"

"Mẹ́ta ni, Ìyá mi. Mẹ́ta ló lè gbé."

Ó wo ìyàwó mi. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀. Mo ti pinnu pé ìyàwó mi ló fúyẹ́ jù nínú àwọn méjèèjì. Mi ò wọ̀n wọ́n, ojú lásán ni mo fi wò wọ́n. Ìyá mi gbé ọmọ náà lé ìyàwó mi lọ́wọ́, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́ kí eruku má bàa wọlé. Ó gbàgbé fúláásìkì sórí ìjókòó.

Mo ti fèrèsé, mo tan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tútù. Mi ò wo ẹ̀yìn. Níbi gegele kìíní, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Níbi ìkejì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Láàárín ìkejì àti ìkẹta, ọmọ náà sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan fún èémí kan.

"Màmá."

A ń retí kó mí.

"Àgbà."

Ó tún mí.

"Dà?"

Ìyàwó mi ní, "Wọ́n ń bọ̀."

Níbi gegele ìkẹta, ọkọ̀ náà fara kan ilẹ̀. Ó ha á láti iwájú dé ẹ̀yìn, ohùn gígùn kan ṣoṣo. Mi ò tẹ bíréèkì, mi ò sì fi kún iná. Ó kọjá. Láti ẹnu ọ̀nà ilé wa dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù, ó gbà wá ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Nọ́ọ̀sì mìíràn ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ tètè gbé e wá." Mo kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹta la padà, ọmọ náà ń jẹ gúgúrú lẹ́yìn ọkọ̀, èèpo rẹ̀ ń bọ́ sórí aṣọ mímọ́ mi. Ìyá mi jókòó sórí àpótí níwájú ilé. Ó gbá ọmọ náà mọ́ra, ó fi etí lé e láyà, ó tẹ́tí sí i pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

"Ṣé ó kan ilẹ̀?"

"Ó kàn án, Ìyá mi. Lẹ́ẹ̀kan."

"Tí mo bá wà níbẹ̀ ńkọ́?"

"Ì bá há."

Ó mi orí. "Ó dáa." "Báwo ni mo ṣe wúwo tó gan-an?"

Mo ní mi ò mọ̀.

"O ò mọ̀? Ìwọ?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó tẹ̀ lé mi lọ sí sítọ́ọ̀. Ó tú ìborùn àti ìró òkè, ó bọ́ bàtà, ó gun orí òṣùwọ̀n kòkó, ó dúró ṣánṣán bí ẹni ń ya fọ́tò. Mo gbé irin òṣùwọ̀n síbi tó yẹ. Kìló mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Àwọn tó ń di àpò dá iṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá.

Ìyá mi ní, "Kò tó àpò kòkó kan! Aṣọ lásán ni gbogbo ìyókù." Ó yí sí ìyàwó mi tó ti bá wa wá. "Ìyàwó mi, ìwọ náà gùn ún."

Ìyàwó mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má jẹ́ kí n gùn ún."

"Gùn ún. Gréédà ń dúró."

Ó gùn ún. Kìló mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo tún un wò, mo yí irin náà padà sí òdo, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyá mi rẹ́rìn-ín tó fi di igi òṣùwọ̀n mú, ìyàwó mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi aṣọ bo ojú.

Ìyá mi ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀, Gréédà."

Kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí kó tó di òwúrọ̀ yẹn. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì sílẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì.

Ìgbà mẹ́rin ni ọkọ̀ náà tún gbé ọmọ wa lọ sí Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó gbé mi kúrò ní Ìmorù. Ní ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyá mi ló jókòó tì í lẹ́yìn. Ìyàwó mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi yí kọ́nà, á sì padà wọlé lọ máa retí wa.